Zeus tuntun yẹn: ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ̀ ní Èbúté Ìkòròdú

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní o kó àjọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦60,000, torí fíríìsà tí wàá fi máa ta omi tútù ni o sì ṣe ń dá a. Ní báyìí o fẹ́ kọ́kọ́ gbé e sídìí Gates of Olympus 1000, slot tuntun yẹn, tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń yí lórí fóònù, torí pé Gates of Olympus ti àtijọ́ kì í san ju ìlọ́po 5,000 owó téèyàn fi ta tẹ́tẹ́ lọ, tuntun sì ń san dé 15,000. O bi wá pé ṣé tuntun kọ́ ló sàn jù báyìí. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀ ní 2024, owó olówó ni mo sì fi wá ìdáhùn ẹ̀. Jọ̀ọ́, kà mí dé ìsàlẹ̀ kí o tó fi kọ́bọ̀ síbẹ̀.

Pragmatic Play, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù tẹ́tẹ́, ló ṣe méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 2021, ti tuntun jáde nígbà tí 2023 ń parí lọ. Zeus, òrìṣà tó ń sán àrá láàárín àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́, ló léfòó lápá ọ̀tún pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun. Òpó mẹ́fà ló wà, àmì márùn-ún nínú òpó kọ̀ọ̀kan: adé, òrùka, ife, òkúta iyebíye. Àmì kan náà gbọ́dọ̀ tó mẹ́jọ kí o tó jẹ, ibi yòówù kí wọ́n fọ́n ká sí. Àwọn tó bá jẹ á pòórá, òmíràn á já bọ́ látòkè. Nígbà mìíràn Zeus á ju bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ sáàárín wọn, nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀lù yẹn ni wọ́n á fi sọ owó tí o jẹ di ìlọ́po. Tí àmì tó ní àwòrán Zeus bá yọ mẹ́rin, o gba free spin 15, ìyẹn yíyí tí o ò sanwó fún, níbi tí àwọn ìlọ́po ti ń ro pọ̀ mọ́ra wọn. Bọ́ọ̀lù tó tóbi jù ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 500. Ní tuntun, 1,000 ni. Yàtọ̀ sí èyí àti òkè owó tó lè san, o ò ní rí nǹkan gidi kan tí wọ́n yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí. Iye tí wọ́n kọ pé géèmù ń dá padà, èyí tí wọ́n ń pè ní RTP, ọ̀kan náà ni nínú méjèèjì: 96.50. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ₦100 tí gbogbo ayé fi ta, ₦96.50 ló ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ta, tí wọ́n bá ta á pẹ́. Wọ́n wá sọ òkè owó di ìlọ́po mẹ́ta, àmọ́ iye tó ń padà ò kúrò lójú kan. Níbo lowó ńlá yẹn ti wá? Lára èrè kéékèèké tó yẹ kó máa kan èmi àti ìwọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí ìgbà tí ìyá ọlọ́bẹ̀ bá ní òun fẹ́ fi odidi ẹja àrọ̀ sáwo ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó tò síwájú òun, tí ìkòkò ò sì tóbi jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó di dandan kí ti àwọn yòókù jẹ́ omi ọbẹ̀.

POS ni mò ń ṣe létí omi níbí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ Marina àti Falomo. Àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ lọjà wa ń yá. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta, ibẹ̀ á dákẹ́, oòrùn nìkan lá kù lórí omi. Àkókò yẹn ló pa mí. Fóònù tí mo fi ń ṣe tiransífà náà ni mo fi ń yí slot, ₦200 lẹ́ẹ̀kan. Mo ti tẹ ibi tó máa ń mú un yára, nítorí náà ó tó ìgbà mẹ́wàá tí mò ń yí i ní ìṣẹ́jú kan. Ṣírò ẹ̀ wò. Ìgbà 600 ní wákàtí kan, ₦120,000 ni mo fi ta yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦20,000 péré ni mo kó síbẹ̀, torí owó kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Nínú ₦120,000, ₦3.50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦4,200 ní wákàtí kan. Èrè POS mi lọ́jọ́ tó bá dáa gan-an nígbà náà ò ju ₦8,000 lọ. Má sì gbàgbé pé ẹni tó jẹ ìlọ́po 15,000 wà nínú ìṣírò yẹn. Tí o bá yọ tiẹ̀ kúrò, tèmi àti tìrẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹja yíyan nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́jọ́ kan ó kó ₦45,000 wá nínú ọ̀rá dúdú, ₦200 àti ₦500 tó ń rùn ẹja, ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun nílé ìwé, wọ́n fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀. Mo kà á, ó pé. Mo ní, “Ẹ má dààmú, Mà, ó ti lọ.” Kò tíì lọ. Owó wà nínú àkáǹtì mi, àmọ́ àná ọjọ́ yẹn ni mo ti pàdánù, mo sì fẹ́ fi owó yẹn gba tèmi padà kí n tó fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Géèmù yẹn gbà kéèyàn ra free spin ní ìlọ́po 100 owó tó fi ń ta. ₦20,000 nìyẹn fún ẹni tó ń ta ₦200. Mo rà á. Ó dá ₦3,460 padà. Mo tún rà á.

Nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, Zeus gbọ́wọ́ sókè, bọ́ọ̀lù 250 já bọ́. Mo dìde dúró lórí àga. Mo ka ife tó wà lójú fóònù: méje ni. Mo tún un kà, mo ń fi ọmọńdinrín tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje. Tí àmì kankan ò bá pé mẹ́jọ, bọ́ọ̀lù yẹn ò já mọ́ nǹkan kan, kò sì ní ro mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Ó kàn ń tàn síbẹ̀ títí ó fi lọ.

Aago mẹ́rin ìyá náà padà wá. Ọmọ ẹ̀ ti pè pé òun ò rí alert. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó ní, “Kò burú, ọmọ mi, ṣebí ẹ̀rọ ni,” ó sì fún mi ní ẹja méjì tí ó fi bébà dì pé kí n fi jẹun alẹ́. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí owó yẹn fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí mo ta jẹnẹrétọ̀ mi. Mi ò tíì lè sọ òótọ́ fún un títí dòní, ó sì ń dùn mí.

O kọ ọ́ níbẹ̀ pé tuntun yìí “ti gbóná” lọ́wọ́ ẹ, pé ó ti fẹ́ẹ́ san. Èmi náà máa ń kí i ní Kábíyèsí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń bọ Ṣàngó mọ ẹni tí wọ́n gbé orógbó fún. Àwòrán lèyí jẹ́. Kọ̀ǹpútà ti mú nọ́ńbà kó tó gbọ́wọ́ sókè rárá, ìgbà tí o tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ò sì kan èyí tó ń bọ̀. Kò jẹ ọ́ ní gbèsè.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kí n ti mọ̀ tipẹ́: 96.50 yẹn kọ́ ni gbogbo ilé tẹ́tẹ́ ń lò. Àwọn tó ṣe é tún ní èyí tó kéré jù ú lọ, ilé tẹ́tẹ́ ló ń yan èyí tó wù ú. Tẹ ibi tí wọ́n kọ “i” sí nínú géèmù, kà á dé ìsàlẹ̀. Nínú èyí tí mò ń lò, 94.50 ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì sọ ₦4,200 tí mo ṣírò lókè di ₦6,600.

Kí n tó pa àkáǹtì mi tì, mo fi owó demo, tí kì í ṣe owó gidi, dán méjèèjì wò, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ oníbàárà. Ìgbà márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦20,000, ₦200 lẹ́ẹ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lowó tán kí n tó yí i nígbà 400. Nínú tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù gòkè dé ₦71,000, mo ń bá a lọ, ó sì padà tán náà. Ìgbà márùn-ún kéré láti fi dájọ́, àmọ́ ó bá ohun tí mo ti fi owó gidi rí mu. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ̀wé sí ilé tẹ́tẹ́ náà pé kí wọ́n ti àkáǹtì mi pa fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ṣe é. Ìyàwó mi ló ń mójú tó àkáǹtì POS báyìí, òun ló sì ń ka owó lálẹ́.

Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí o bá lè wá sí èbúté lọ́jọ́ Sátidé, láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́ta, màá fi hàn ọ́. Mú ₦60,000 yẹn dání, ká jọ gba Sábó lọ wo fíríìsà. Mo mọ ọ̀gá kan tó ń tún wọn ṣe, á bá wa tan èyí tí a bá rí wò kí o tó sanwó.