Fídíò ìránṣọ mi ò rí ẹni wò ó, ó ti ń sú mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Télọ̀ ni mí ní Òṣogbo, mo ń fi Yorùbá kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ lórí YouTube. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí, èyí tí wọ́n wò jù nínú ẹ̀ ò ju bí ogójì èèyàn lọ, ọkọ mi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì wà nínú ogójì yẹn. Dátà wọ́n, iná ò sí, tí mo bá fi máa ẹ́díìtì tán ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Mo fi fídíò bùbá tí mo ṣe kẹ́yìn ránṣẹ́ sí yín. Kí ni kí n ṣe tí kò fi ní sú mi pátápátá?

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ní channel ẹ́díìtì, kí n sì máa bá wọn wo ohun tó ń lọ níbẹ̀, ohun tí mo sì ń rí lára àwọn tó pa á tì ni pé kì í sábàá jẹ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti tán lọ́kàn wọn, fídíò ẹyọ kan ló ń gba agbára tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wá máa retí kí iye èèyàn tó wò ó san gbogbo agbára yẹn padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò lè san án. Èmi gbà pé tá a bá dín wàhálà inú fídíò kan kù, tá a sì yí nọ́ńbà tẹ́ ẹ̀ ń wò padà, ọkàn yín á dúró.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti owó kúrò ńlẹ̀ ná. Kí YouTube tó máa fún yín nínú owó ìpolówó, ẹ gbọ́dọ̀ ní subscriber 1,000, ìyẹn àwọn tó ń tẹ̀ lé channel yín, kí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò yín fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo Shorts yín, ìyẹn àwọn fídíò kúkurú, nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90 (wákàtí tí wọ́n bá fi wo Shorts nínú Shorts Feed ò sí lára 4,000 yẹn o). Ìṣẹ́jú 240,000 ni wákàtí 4,000. Ká ní ẹni kọ̀ọ̀kan ń wo ìṣẹ́jú 4, ó di kí wọ́n ṣí fídíò yín nígbà 60,000. Ẹ ẹ̀ rí i pé kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa jí wò láràárọ̀?

Ohun tẹ́ ẹ máa wò nìyí. Ẹ ṣí YouTube Studio, áàpù tí YouTube ṣe fún àwọn tó ní channel, lórí fóònù yín, ẹ mú fídíò kan, ẹ tẹ Analytics, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ average view duration sí, òun ló ń sọ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn fi ń dúró. Tí èèyàn tó wò ó bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ máa rí ìlà retention náà, tó ń fi hàn bí àwọn tó ń wò ó ṣe ń dín kù, ibi tó bá ti já wálẹ̀ bìrí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá lọ. Mo wo fídíò bùbá yín dópin. Ẹ kí wa, ẹ ṣàdúrà fún wa, ẹ sọ̀rọ̀ iná, ẹ ní ká subscribe ká tẹ aago, gbogbo ìgbà yẹn àǹkárá wà lórí tábìlì ní kíká, ọwọ́ yín ò tíì kan ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́ yín ló bo ibi tá a fẹ́ rí. Ẹni tó ti tẹ́ aṣọ tiẹ̀ kalẹ̀ sílé tó ń dúró dè yín, ó ti lọ síbòmíì. Ẹ gbé fóònù sókè kó máa wo tábìlì láti òkè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan wọ bùbá tó ti parí jáde lákọ̀ọ́kọ́, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé e. Kíkí ò burú, ẹ kí wa bẹ́ ẹ ṣe ń fa ìlà lọ.

Ibì kan sì wà nínú fídíò yẹn tó dùn mọ́ mi gan, ibi tẹ́ ẹ ti ṣàlàyé ìdí tí ọrùn bùbá fi máa ń já sẹ́yìn lára àwọn kan. Ìyẹn nìkan tó fídíò kan lọ́tọ̀! Ìbéèrè tí obìnrin ń tẹ̀ sórí fóònù lóru nìyẹn, irú fídíò bẹ́ẹ̀ sì dára torí pé oṣù mẹ́fà sí i wọ́n ṣì lè máa wá a, kò dà bí ìròyìn tó ń kú lọ́jọ́ kejì.

Ní ti wàhálà, ẹ má ṣe ṣe aṣọ lọ́tọ̀ torí fídíò mọ́. Aṣọ oníbàárà tẹ́ ẹ fẹ́ gé tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe fídíò, tí oníbàárà náà bá gbà. Ẹ ya fídíò náà lójúmọmọ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ má ra ring light, iná roboto tí wọ́n fi ń ya fídíò, kankan báyìí. Tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé bá ń ké, ẹ jẹ́ kó máa ké, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ fi ọwọ́ nìkan ṣe é, tílé bá wá dákẹ́ lálẹ́ ẹ fi ohùn sí i lórí CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń ẹ́díìtì fídíò, ohùn tó mọ́ ṣe pàtàkì ju àwòrán tó mọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó, 720p tó fún ẹ̀kọ́ aṣọ, dátà tó ń jẹ sì kéré sí ti 1080p tó mọ́ jù ú lọ, kẹ́ ẹ fi dátà òru gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ lè ṣe láìsunkún dára ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó ń gba oorun lójú yín.

Èyí tó kàn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ọrùn bùbá yẹn, kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e síta, tẹ́nì kan bá béèrè pé yáàdì mélòó lòún máa rà, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìbéèrè ẹ̀ sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, fídíò tó máa tẹ̀ lé e nìyẹn. Studio ní tiẹ̀, ẹ má ṣí i títí ọ̀sẹ̀ kan á fi pé.