Ẹsẹ̀ mi ń wú lẹ́yìn wíkẹ́ńdì àwọn ọmọ-ọmọ, ṣé kí n má jáde mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 68 ni mí, Mọlété ni mò ń gbé n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń wá lo wíkẹ́ńdì lọ́dọ̀ mi, a máa ń jáde ní Sátidé, tó bá wá di alẹ́ a ó jọ jókòó wo fíìmù títí oorun á fi gbé wọn lọ. Tílẹ̀ Sọ́ńdè bá mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì á ti wú, bàtà ò ní wọ̀ mọ́, orúnkún ọ̀tún náà á máa ro mí. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi obìnrin ní kí n jáwọ́ nínú ìjáde. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, orúnkún àwọn àgbà ni mò ń bá yí lójoojúmọ́, kí ọmọ yín má bínú sí mi o, ìjáde yẹn kọ́ lẹ ó fi sílẹ̀. Ìjókòó alẹ́ yẹn ni mo fura sí jù.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà sí ọkàn, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun yín ló sì ń ṣe bíi pọ́ǹpù fún un, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sì ń tì í sókè. Ẹ wá jókòó, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, apá kìíní fíìmù parí, àwọn ọmọ ní ká gbé apá kejì sí i, èyí tó kéré jù ti sùn sórí itan yín ẹ ò sì fẹ́ jí i, ó ti di wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ ò mira. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú ẹran ọrùn ẹsẹ̀, òun lẹ̀ ń rí láàárọ̀. Ẹ wá fi súyà tàbí gúgúrú oníyọ̀ sí i, iyọ̀ á tún dá omi dúró sára.

Ẹ ò ní láti pa fíìmù o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga míì tàbí tìmùtìmù, kẹ́ ẹ máa na ìka ẹsẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ máa fà á padà, tó bá ti tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ dìde, ẹ rìn dé kíṣìn kẹ́ ẹ padà. Ọmọ tó bá ti sùn, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì jàre. Àmọ́ tí NEPA bá mú iná, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, káwọn ọmọ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, torí ìṣubú nínú òkùnkùn burú fún egungun ju ẹsẹ̀ wíwú lọ.

Ẹ ò dárúkọ oògùn yín. Tó bá jẹ́ amlodipine ni, ó máa ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ àwọn kan wú. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Ẹ mú páálí ẹ̀ lọ han dókítà tó kọ ọ́ fún yín, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó máa ń bí mi nínú ni oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì mọ́ra sínú ọ̀rá ní kẹ́míìsì, diclofenac tàbí ibuprofen máa ń wà nínú ẹ̀, àwọn yẹn ń dá omi àti iyọ̀ dúró, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń yọ kíndìnrín lẹ́nu, ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń lò ó torí orúnkún ń wá wàhálà míì ni.

Ó ku orúnkún. Ibi tẹ́ ẹ bá lọ ló ṣe pàtàkì. Ilé Láyípo tó wà l'Ókè Ààrẹ látọdún 1936, àtẹ̀gùn ẹ̀ ń lọ́ po ni, sísọ̀kalẹ̀ sì máa ń ni orúnkún lára ju gígùn lọ, ẹ jẹ́ kí bàbá wọn kó wọn gòkè. Ọgbà ẹranko UI tàbí Agódi dáa fún yín, ẹ rìn díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tún rìn, ẹ tètè lọ láàárọ̀ kóòrùn tó mú. Níbi tí àtẹ̀gùn bá ti pọn dandan, ẹsẹ̀ tó dáa ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn yín ni kó kọ́kọ́ sọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òsì ni kó wà torí orúnkún ọ̀tún ló ń ro yín, àwọn èèyàn máa ń bá mi jiyàn lórí èyí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Máíkírà, ẹ gba iwájú, kí wọ́n má fún yín pọ̀ sẹ́yìn tọ́mọ tọ́mọ.

Àwọn kan wà tí ò ní í ṣe pẹ̀lú fíìmù rárá. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Tí èémí ò bá dáa tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, tàbí tójú yín náà ń wú láàárọ̀, ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín. UCH tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ní kí wíkẹ́ńdì parí ná.