Ẹ Bi Wá: Mi Ò Ní Dìgírì, Ṣùgbọ́n Mo Ṣe Tán Láti Kúrò Nílé

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé láti Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ lóṣù yìí dá lórí iṣẹ́ níbòmíràn fún ẹni tí kò ní ìwé yunifásítì. A mú mẹ́rin dáhùn, a sì ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ọdún 21 ni mí, Ìṣọ̀kun n'Iléṣà ni mò ń gbé. Mo ní kírẹ́díìtì márùn-ún ní WAEC, ṣùgbọ́n kò sówó tí mo máa fi tẹ̀síwájú. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ilé iṣẹ́ ní Agbára ń gba ènìyàn. Àǹtí mi ní kí n wá máa sùn lọ́dọ̀ òun n'Ìkòròdú. Ṣé kí n máa lọ?

Ìdáhùn: Máa lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe Agbára. Apá ìlà oòrùn Èkó ni Ìkòròdú wà. Agbára wà ní ìwọ̀ oòrùn, lójú ọ̀nà Badagry. Ẹni tó máa wọ ṣíífù aago méje àárọ̀ kò lè máa ti Ìkòròdú lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kó pẹ́ níbi iṣẹ́ náà. Ibi tó o máa sùn ló yẹ kó pinnu ibi tó o ti máa wáṣẹ́, àgàgà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ ni, Odógunyàn ni kó o kọ́kọ́ lọ: àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀, inú Ìkòròdú náà sì ni. Bí kò bá bọ́ sí i, gbìyànjú Ṣàgámù, títì wà láti Ìkòròdú lọ síbẹ̀ tààrà.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024 ni ₦70,000, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá sì tó 25 ni òfin náà mú. Ká ní o ń fi ₦1,000 wọkọ̀ lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀, fún ọjọ́ 26: ₦26,000 ti lọ. Oúnjẹ ₦1,200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 jẹ́ ₦36,000. ₦8,000 ló kù, o ò sì tíì san owó ilé, owó iná tàbí dátà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu géètì á ní ₦34,000 lọ́wọ́. Owó oṣù kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà o.

Iṣẹ́ tí kò béèrè dìgírì ní ilé iṣẹ́ ńlá, bíi kíkó ẹrù, dídi ọjà sínú páálí àti dídúró ti maṣín, kọ́ńtíráátọ̀ ló sábà ń gba ènìyàn sí i, kì í ṣe ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kó o tó fọwọ́ síwèé, bi wọ́n léèrè ẹni tó máa sanwó fún ọ àti ọjọ́ tó máa ń san án. Béèrè bóyá wákàtí mẹ́jọ ni ṣíífù tàbí méjìlá. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé: bí maṣín bá bàjẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ṣé wọ́n á san owó ọjọ́ yẹn? Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lójúmọ́ lè pàdánù ọ̀sẹ̀ odidi kan lọ́nà yìí láìṣẹ ẹnikẹ́ni.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún ọ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan péré tó láti dá a dúró. Lẹ́yìn ìyẹn títí di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Nítorí náà má ṣe san owó ilé ọdún kan kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kọjá. Bó o bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ láàárín ọjọ́ 14, kó o sì ní ẹ̀rí pé o sọ ọ́, bí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ìdáàbòbò fún irú ìfarapa bẹ́ẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o; kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù rẹ nítorí rẹ̀. Owó pẹ́ńṣọ̀n yàtọ̀: bí wọ́n bá ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ, tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá 10, ó sì yẹ kó o ní nọ́ńbà PIN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n rẹ, tó o lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó sábà máa ń dá ẹni tó ti Iléṣà wá dúró lẹ́nu géètì kì í ṣe WAEC, oníduuro ni. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń béèrè méjì, tí wọ́n ń gbé nítòsí, tí iṣẹ́ wọn hàn sójútáyé. Àwọn kan kì í gba ẹbí, nítorí náà má gbójú lé àǹtí rẹ nìkan. Ìjẹ̀ṣà ti ń jáde láti ìgbà àwọn Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì wà káàkiri l'Èkó. Jẹ́ kí àǹtí rẹ mú ọ lọ sí ìpàdé wọn, tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó o bá dé gan-an, kó o tó nílò oníduuro.

Kó ìwé NIN, nọ́ńbà BVN, WAEC àti ẹ̀dà rẹ̀, ìwé ọmọ onílùú láti ìjọba ìbílẹ̀ àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dání. Wò ó dáadáa pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu lórí gbogbo wọn. Bí “Olúwaṣeun” bá wà lórí NIN tí “Ṣeun” wà lórí BVN, ó lè dá àkáǹtì owó oṣù rẹ dúró. Iléṣà ni kó o ti tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń jó irin ní Modákẹ́kẹ́: géètì, irin fèrèsé, ìdúró tánkì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe páìpù epo ní Lẹ́kí àti Port Harcourt ń san owó gidi fún wẹ́dà, àmọ́ wọ́n ń béèrè sátífíkéètì. Èwo ni kí n lọ gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé wà, ìdánwò ẹnu géètì sì wà. Ìdánwò yẹn ló ń já wẹ́dà tó mọṣẹ́, òun la sì máa pẹ́ lé lórí.

Ní ti ìwé, Trade Test ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ló rọrùn jù fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Grade III, kẹ́ ẹ lọ sí II, lẹ́yìn náà I. Ọ́fíìsì wọn l'Óṣogbo ni kẹ́ ẹ ti béèrè ọjọ́ ìdánwò. NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, náà ń gba ẹni tí kò sí nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kíkà pọ̀ nínú tiwọn. NSQ, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó, ní ìpele 1 dé 6, wọ́n sì lè yẹ ohun tí ọwọ́ yín ti mọ̀ wò láìjẹ́ pé ẹ tún lọ kọ́ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún yín, Trade Test la máa kọ́kọ́ mú.

Níbi ìdánwò, wọn ò ní wo géètì tẹ́ ẹ ti ṣe. Wọ́n á gbé irin pẹlẹbẹ dúró lóòró kẹ́ ẹ jó o, 3G nìyẹn. Tàbí kí wọ́n de páìpù mọ́lẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 45 tí ẹ ò gbọdọ̀ yí, 6G nìyẹn. Ẹni tó bá yege 6G ti fi hàn pé òun lè jó páìpù ní ipòkípò, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga.

Maṣín ló kọ́kọ́ ń da wẹ́dà ojú títì rú. Èyí tí wọ́n fi wáyà kópà wé ládùúgbò, AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) ló ń gbé jáde, rọ́ọ̀dù 6013 géèjì 12 sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa. Òun lọwọ́ yín ti mọ́. Ibi ìdánwò, rọ́ọ̀dù 6010 ni wọ́n sábà fi ń jó ìpìlẹ̀, ìyẹn ìlà àkọ́kọ́, 7018 ni wọ́n fi ń kún un. 6010 kì í ṣiṣẹ́ lórí AC rárá. 7018 náà dára jù lórí DC (iná tó ń lọ sójú kan), kí ọwọ́ rọ́ọ̀dù wà lójú pọ́sítíìfù. Ẹ wá ẹni tó ní maṣín ínfátà DC, kẹ́ ẹ máa sanwó wákàtí fún un.

Àlàfo ló tẹ̀ lé e. Ní géètì, ẹ máa ń fi irin kan irin, ẹ jó o lókè, ẹ fi gíráńdà dán an. Páìpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fá etí ìkọ̀ọ̀kan ní ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 30 sí 37.5, kẹ́ ẹ fi nǹkan bíi mílímítà 3 sílẹ̀ láàárín wọn, kí iná lè wọlé dé ẹ̀yìn. Bí àlàfo bá kéré, ìpìlẹ̀ ò ní wọlé. Bó bá pọ̀ jù, irin tó yọ́ á máa kán sínú páìpù. Ihò kékeré tó máa ń ṣí níwájú rọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ máa tẹjú mọ́: ìgbà tó bá dí, òkè lásán lẹ̀ ń jó. Bí etí ojú ìjó bá jẹ wọnú irin, iná ti pọ̀ jù tàbí rọ́ọ̀dù ti jìnnà jù. Ẹ fi gíráńdà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, torí X-ray tí wọ́n fi ń yẹ ojú ìjó wò máa ń fi èyí tó bá há sáàárín hàn.

7018 kò fẹ́ ọ̀rinrin. Bí páálí rẹ̀ bá ti ṣí, inú ófìnì rọ́ọ̀dù ló ń gbé, ní nǹkan bí 120°C sí 150°C. Èyí tó bá sùn nínú ṣọ́ọ̀bù lásìkò òjò á fi ihò wínníwínní sínú ojú ìjó, irin náà sì lè là lẹ́yìn tó bá tutù. Ọ̀pọ̀ ti ná owó wọn tán lórí páálí olówó pọ́ọ́kú tó ti fa omi sára.

Ẹ má wọkọ̀ lọ Port Harcourt títí ẹ ó fi lè jó páìpù ínńṣì 6 mẹ́ta léraléra, kẹ́ ẹ gé ojú ìjó náà sí pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, kó má là. PEDI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ẹ̀rọ, tó wà lábẹ́ NASENI n'Iléṣà, kò jìnnà sí yín. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá iṣẹ́ yín mu. Ẹ má sì tètè sanwó ńlá fún ìwé 6G: bí ẹni tó ni ín bá lo oṣù mẹ́fà láì jó irin lọ́nà yẹn, agbára ìwé náà ti tán, wọ́n á tún dán an wò.

Ìbéèrè: Ẹnì kan lórí WhatsApp ní òun á bá mi wá iṣẹ́ sìkíọ́rítì l'Abuja. ₦25,000 ni fọ́ọ̀mù àti yunifọ́ọ̀mù. Ṣé kí n san? Láti Lágéré, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Má san. Ẹni tó ń báni wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sìkíọ́rítì aládàáni sì gbọ́dọ̀ ní ti NSCDC (Civil Defence). Béèrè orúkọ tó wà lórí méjèèjì, kó o sì wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ìforúkọsílẹ̀ CAC nìkan má tàn ọ́, torí ẹni tó ń ta ìrẹsì náà lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò fún un láṣẹ láti máa gba ènìyàn síṣẹ́. Wo orúkọ orí àkáǹtì tí wọ́n ní kó o sanwó sí: bó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìbéèrè: Ìlárè n'Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 24, onídìrí ni, ó ní WAEC. Ẹnì kan fẹ́ mú un lọ Oman láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ní kò ní san kọ́bọ̀, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ọmọ náà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, àyà mi sì ń já.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kó lọ lọ́nà yìí. Ní Oman àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, físà ọmọ ọ̀dọ̀ so mọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Kafala ni wọ́n ń pe ètò náà. Bó bá fi ilé yẹn sílẹ̀, kódà nítorí ìyà, agbanisíṣẹ́ lè lọ fẹjọ́ sùn pé ó sá lọ, kí wọ́n sì mú un. Ìdí nìyẹn tí “kò ní san kọ́bọ̀” fi léwu: gbèsè ni, ẹni tó bá sì jẹ gbèsè nínú ilé tí kò lè kúrò níbẹ̀ kò lẹ́nu láti béèrè owó oṣù. Ẹ ní kí wọ́n fi físà hàn yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ti iṣẹ́ ni tàbí ti àbẹ̀wò. Ẹ béèrè àdéhùn ní èdè tó lè kà, tó ní orúkọ agbanisíṣẹ́, iye owó àti ọjọ́ ìsinmi nínú. Bí wọ́n bá ní kó búra níbì kan kó tó lọ, tàbí kó gba orí ilẹ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè míràn kó tó wọ bàálù, ẹ pe NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, lórí 627 lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n ọmọ tọ́kàn rẹ̀ ti jáde kò ní dúró nítorí pé a ní kó má lọ. Ó yẹ ká fi ọ̀nà míràn hàn án. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú Ọba ti tì fún ẹni tó fẹ́ ti òkèèrè wọlé láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, kó má sanwó fún ẹni tó bá ń tà á.

Èyí tá a fara mọ́ ni Jámánì. Wọ́n ní ètò ìkọ́ṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ausbildung: ọmọṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ síléèwé iṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún un. Kò béèrè dìgírì. Irun ṣíṣe wà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta. Ìtọ́jú aláìsàn náà, ọdún mẹ́ta. Owó tó kéré jù tí òfin wọn fi lélẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, ni €682 lóṣù. Kò tó ohun tí ènìyàn lè fi gbé níbẹ̀, ẹ́ḿbásì á sì béèrè ibi tí ìyókù ti máa wá. Ìtọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ìjọba máa ń lé ní €1,300, ìdí nìyẹn tá a fi máa ní kó wo ìyẹn ṣáájú irun, bó bá ní ọkàn tó lè tọ́jú aláìsàn.

Èdè ló le jù. B1, ìpele àárín nínú ìmọ̀ èdè, ni wọ́n sábà ń béèrè, ilé ìwòsàn míì ń fẹ́ B2, tó ga jù ú lọ. Kó máa dirí rẹ̀ lọ n'Ifẹ̀, kó fi wákàtí méjì sí mẹ́ta lójúmọ́ kọ́ Jámánì; ìdánwò Goethe-Institut, tó wà l'Èkó, ni kó ṣe. Àdéhùn tó pọ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti máa ń yan ènìyàn láti ọdún tó ṣáájú, nítorí náà kó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí wọn nígbà tó bá ti ń sún mọ́ B1. Àdéhùn ni kó ní lọ́wọ́ kó tó lọ sí ẹ́ḿbásì. Owó físà fúnra rẹ̀ jẹ́ €75, ilé iṣẹ́ tó gbà á kò sì gbọdọ̀ gba owó ìkọ́ṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.