Bèèrè ohun tí wọ́n fi owó ṣe, má bú baba ẹnikẹ́ni

Àbúrò mi, o ní àwọn àgbà ìlú yín sọ pé kí o yéé bèèrè ohun tí káńsù fi owó ọ̀nà ṣe, pé o fẹ́ tú ìlú ká. O wá ń bèèrè bóyá kí o panu mọ́. Má panu mọ́ o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún 2018 ni, ní ìlú kan nílẹ̀ Ìgbómìnà, ní gúúsù Kwara níbí. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan sí àdúgbò wa. Oṣù mẹ́ta péré la fi rí omi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí o bá fa irin rẹ̀ títí tí apá ń ro ọ́, afẹ́fẹ́ lásán ló máa ń mí jáde. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo á tò lọ bẹẹrẹ. Ìyá mi, ẹni àádọ́rin ọdún, padà sí odò.

Nígbà tí ìlú pèpàdé, mo dìde, mo nàka sí káńsẹ́lọ̀ wa, mo pè é lólè. N kò dúró síbẹ̀. Mo ní olè ni baba tó bí i náà. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ kànga mọ́. Ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ni gbogbo agbo ilé gbé kiri. Baba ọ̀hún ti kú. Òun ló pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn lóru nígbà tí ibà fẹ́ẹ̀ pa mí lọ́mọdé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹnì kan kò yọjú láti ilé wọn. Èmi fúnra mi ni mo fún káńsẹ́lọ̀ níbi tó sá pamọ́ sí.

Àgbà kan ló mú mi lọ bẹ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo tọrọ àforíjì èébú, n kò tọrọ àforíjì ìbéèrè. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé: èló ni wọ́n ná, ta ló gba iṣẹ́ náà, ìgbà wo ni wọn yóò tún un ṣe? Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló buwọ́ lù ú, méjì nínú wọn láti agbo ilé káńsẹ́lọ̀. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ náà, omi jáde. Iye owó ni wọn kò tíì sọ dòní.

Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti sọ̀rọ̀. Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 ló fún ọ. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ọ lóhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ìbò káńsù ti 2017, a kò tún dìbò káńsù mìíràn ní Kwara títí di 21 oṣù kẹsàn-án 2024. Ní báyìí tí àwọn tí a dìbò yàn ti wà, àwọn ni kí o kọ̀wé sí. Àwọn àgbà tó ń pe ìbéèrè ní ìtúká ìlú, ó dun èmi gan-an, torí ọ̀nà tó bàjẹ́ yẹn, ọmọ tiwọn náà ń gbà á.

Kọ lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí. Má dárúkọ ìdílé ẹnikẹ́ni. Bí o bá kọ ọ́ tán, kọ́kọ́ fi hàn mí, ká jọ yọ gbogbo ibi tí inú ti bí ọ kúrò kí o tó fi ránṣẹ́.