Ìyá Mi Ń Ka Bíbélì, Wọ́n Ní Wọn Kò Mọ̀wé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 74, Kabba ni wọ́n ń gbé, gàrí ni wọ́n sì ń tà. Wọ́n máa ń ka Bíbélì Yorùbá já geere, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sínú ìwé kékeré kan. Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan ra àpò gàrí mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn, kí wọ́n wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù wọn. Wọ́n rí orúkọ báńkì, wọ́n rí iye owó, wọ́n sì jẹ́ kí ó kó ẹrù lọ. Owó kankan kò wọlé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń sọ pé àìmọ̀wé wọn ló fà á, kí wọ́n má fọwọ́ kan fóònù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n débi pé wọn kò gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé aláìmọ̀wé ni ìyá mi?
Ọmọ wọn obìnrin, Kabba

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n gbé Bíbélì wọn padà sí abíyá.

Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ń túmọ̀ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní ọdún 1958, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó bá lè ka gbólóhùn kúkúrú nípa ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́, tó lè kọ ọ́, tó sì yé e, ti dé ibẹ̀. Wọn kò dárúkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ìyá tó ń kọ orúkọ onígbèsè sílẹ̀ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Ó sì yẹ kí ẹ̀gbọ́n yín rántí ibi tí ìran ìyá yín ti ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kabba wà, nítorí náà ètò yẹn kò kàn wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá kan náà ni àwa àti àwọn ará Èkìtì tí a jọ pààlà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìgbà náà ló jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ A, B, D, tí ìwé tí wọ́n sì fi kọ́ ọ ni Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1884. Ẹni tó fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀wé jìyà fún un, kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín.

Ní ti gàrí, ìyá yín ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, wọ́n sì kà á dáadáa. Ohun tí ẹnì kankan kò kọ́ wọn ni pé ẹlòmíràn lè fi orúkọ báńkì sórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àwọn tó gboyè ní yunifásítì pàápàá ń kó sínú pańpẹ́ yìí. Ìmọ̀ ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ lẹ́tà, ìmọ̀ ọ̀tọ̀ sì ni kí ó mọ ẹni tó lè kọ lẹ́tà náà. Láti ìsinsìnyí lọ, iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí wọ́n máa wò, nípasẹ̀ nọ́ńbà tí báńkì wọn fún wọn láti tẹ̀, kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè, tó ní láti báńkì ni, tó ń béèrè PIN wọn tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n pa ìpè náà, nítorí báńkì kì í béèrè ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oògùn: ìmọ̀ mìíràn ni kíka ara páálí rẹ̀, ẹ sì lè fi kọ́ wọn. Ẹ mú páálí oògùn kan lé wọn lọ́wọ́ lálẹ́ òní, kí ẹ fi EXP hàn wọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, bí àpẹẹrẹ 04/2027: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni oṣù, èkejì ni ọdún tí agbára oògùn náà ń dópin. Ẹni tó lè ṣí Orin Dáfídì 119, ẹsẹ 105, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò tètè mọ èyí, nítorí iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ tún fi ṣíbí kékeré tó máa ń wà nínú páálí oògùn olómi ti àwọn ọmọdé hàn wọ́n, kí wọ́n rí i pé 5 ml rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ṣíbí ọbẹ̀.

Mo sábà máa ń rántí àwọn ìyá Bùnú, ará ilé wa nítòsí Kabba, tó ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn ìjòyè. Ẹni tó mọ àṣà rí aṣọ yẹn, ó sì mọ irú ẹni tó lọ. Èmi kò ní fi ìyẹn rọ́pò ìwé, nítorí a nílò ìwé gan-an. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ìyá wa kò ka ohunkóhun rí.

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí ó dá fóònù padà. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé kò mọ nǹkan kan kì í béèrè ìbéèrè mọ́, ìyẹn gan-an sì ni oníjìbìtì ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Mọ́pà. Àwọn òbí ní kí n yé fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, pé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fún wọn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mókè nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: Yàgbà ni ọmọ Mọ́pà ń sọ nílé, ó sì yàtọ̀ díẹ̀ sí Yorùbá inú ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó fi ti ilé sọ ìtàn rẹ̀ ná, kí ẹ tó fi bí a ṣe ń kọ ọ́ hàn án, kí ó má baà rò pé àṣìṣe ni ohùn ìyá òun. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn òbí wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan, kí àwọn ọmọ wọn ka ìwé sí wọn létí.