Ẹ má túmọ̀ ariwo mọ́tò fún mẹkáníìkì ní Brazil

Ẹ béèrè bóyá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kàn yí orúkọ ariwo padà sí èdè Potogí, kó sì lọ. Ẹ má dán an wò. Ó ná mi lówó gan-an ní Salvador, ìlú kan ní Brazil.

Mọ́tò mi máa ń dún lábẹ́ tí mo bá ti gun títì olókùúta ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ kan níbẹ̀. "Knocking" ló wá sí mi lọ́kàn, ni mo bá sọ fún mẹkáníìkì pé "está batendo", ìyẹn "ó ń gbá". "Batendo pino" ni òun gbọ́, ìyẹn ariwo ẹ́ńjìnnì tí epo ń gbiná nínú rẹ̀ kí àsìkò tó pé. Ó pààrọ̀ gbogbo pulọ́ọ̀gì, mo sanwó. Mo padà gun òkúta, ariwo ò lọ.

Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì ò béèrè orúkọ ariwo rárá. Ó ní kí n fẹnu ṣe é. Mo ní: "kò, kò, kò." Ó ní: "Ah, toc-toc!" Ìdí táyà iwájú ló kọrí sí tààrà. Bieleta, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ti ń mì yẹ̀gẹ̀yẹ̀gẹ̀.

Níbí yìí, Potogí sún mọ́ wa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwa ní "ó ń dún kò kò", àwọn ní "faz toc-toc". "Tóki-tóki" ló sì ń jáde lẹ́nu wọn, torí ó máa ń nira fún wọn láti ṣẹ́ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láìfi fáwẹ́lì tì í. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ ariwo fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣe: "it clunks", "it rattles". Potogí náà ní díẹ̀: bíréèkì tó ń han gooro, "chiando" ni, Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "squeal". Ìjókòó tó ń han, "nhec-nhec". Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ariwo ṣíṣẹ́ṣẹ́ tí ọ̀rá líle iwájú awakọ̀ máa ń pa: "grilo" ni wọ́n ń pè é, ìrẹ̀!

Etí ò kúkú gbọ́ bákan náà. Ẹyẹ aláyà pupa-rúsúrúsú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ pé ó ń ké "bem-te-vi", mo rí ọ dáadáa. Ẹyẹ yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ sí "kiskadee".

Torí náà, ẹ fẹnu ṣe ariwo yín kẹ́ ẹ tó dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tó ń dún: lórí òkúta ni, àbí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì.