Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òrùka tó yí oòrùn ká, òṣùmàrè méjì, àti bí a ṣe lè ya fọ́tò wọn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, gbogbo ará àdúgbò wa ní Ìbàdàn tú síta, nítorí pé òrùka ńlá kan yí oòrùn ká. Àwọn kan ní ọba ńlá kan ló wàjà, àwọn mìíràn ní ayé ló fẹ́ parẹ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ funfun báláú ni mo bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì róbótó kan tó ní àwọ̀ ewé. Kí ni òrùka yìí? Báwo ni ǹ bá ti yà á tí yóò fi hàn dáadáa?

ÌDÁHÙN: Yìnyín ló ṣe òrùka náà. Bí ooru tilẹ̀ ń mú wa nílẹ̀, àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo ojú ọ̀run bí aṣọ àwọ̀n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ga ju kìlómítà mẹ́fà lọ, òtútù ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé omi inú rẹ̀ ti di ẹ̀rún yìnyín wínníwínní, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà bíi pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, a gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn jáde, a sì yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń tọ̀ bọ̀. Yíyà yìí kì í dín sí nǹkan bí dígírì 22. Ìdí nìyí tí òrùka náà fi jìnnà sí oòrùn ní ìwọ̀n kan náà yíká, tí etí rẹ̀ ti inú fi pọ́n díẹ̀, tí àyè tó wà láàárín òun àti oòrùn sì fi ṣú ju ojú ọ̀run ìta lọ. Ẹ wo àyè tó ṣú yẹn dáadáa nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí i, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, òun ló rẹwà jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ní ti ọba tó wàjà, mi ò ní fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n òrùka yìí máa ń yọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún. Àìgbójú sókè wa ni kì í jẹ́ ká rí i. Kí ọkàn àwọn tó ń bẹ̀rù pé ayé fẹ́ parẹ́ balẹ̀.

Kí n tó dé orí fọ́tò, ọ̀rọ̀ ojú yín ló jẹ mí lógún. Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn rárá, ẹ má sì fi awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni wò ó, nítorí pé ẹ̀yìn ẹyinjú níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń ṣọṣẹ́ kì í mọ ìrora: ó lè ti jó kí ẹni tó ni í tó mọ̀. Ẹ wá ibi tí etí òrùlé, orí òpó iná tàbí màrìwò ọ̀pẹ yóò ti bo oòrùn fúnra rẹ̀, tí òrùka yóò sì hàn yí i ká. Ohun tó bo oòrùn yẹn ni yóò gba ojú yín là, òun náà ni yóò sì mú ìmọ́lẹ̀ báláú tó ba fọ́tò yín jẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ojú fóònù níbi tí òrùka wà, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí ojú ọ̀run yóò fi ṣú díẹ̀. Ẹ má ṣe fà á sún mọ́. Ìbú òrùka náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì kò ju dígírì 44 lọ, kámẹ́rà ńlá ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù yóò gbà á tán.

Àmì róbótó yẹn kò sí lójú ọ̀run. Inú awò kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta síra wọn. Bí ẹ bá yí fóònù díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, ohun tó bá ń bá fóònù rìn, ti fóònù ni. Èyí tó bá dúró ti oòrùn ni ti ojú ọ̀run. Ọ̀nà ìwọ̀n kan sì tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: nígbà tí òrùlé bá ti bo oòrùn, ẹ na apá yín tán, kí ẹ ya gbogbo ìka, kí ẹ fi ṣóńṣó àtàǹpàkò sí ibi tí oòrùn wà. Ṣóńṣó ọmọńdinrín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùka náà. Òrùka aláwọ̀ kékeré tó lẹ̀ mọ́ òṣùpá lálẹ́ kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ẹ̀kán omi ló sábà máa ń ṣe ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́ kan ní Adó-Èkìtì, mo rí òṣùmàrè méjì, ọ̀kan lókè èkejì. Fóònù mi kò gbà wọ́n tán. Ìyàwó mi tó wọ awò dúdú ní ẹsẹ̀ òṣùmàrè nìkan ni òun ń rí, òun kò rí orí rẹ̀. Ṣé ojú ló ń dùn ún ni?

ÌDÁHÙN: Ojú kò dùn wọ́n, awò ni. Irú awò dúdú kan wà tó máa ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìbú, irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù ní orí òṣùmàrè. Ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ní òró, ó sì ń kọjá. Kí wọ́n bọ́ awò náà, kí wọ́n wá yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ níwájú ojú, wọn yóò rí i bí òṣùmàrè ti ń lọ tó ń bọ̀.

Òṣùmàrè kìíní jìnnà ní dígírì 42 sí ibi tí òjìji orí yín dojú kọ, ó sì túmọ̀ sí pé gbogbo ìbú rẹ̀ lè tó dígírì 84. Kámẹ́rà tí fóònù ń lò fúnra rẹ̀ kò lè gba ìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí ni kí ẹ lò. Èkejì wà ní nǹkan bí dígírì 51, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà: pupa tó wà lókè ní ti àkọ́kọ́ ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ga ju dígírì 42 lọ láti ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé, ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè rí òṣùmàrè kìíní, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn ń ràn, tí àwọn ọmọdé ń pariwo pé kìnnìún ń bímọ, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn: ní ìrọ̀lẹ́, apá ìlà-oòrùn ni kí ẹ wò.

ÌBÉÈRÈ: Ní oṣù June, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ mi rí àwọ̀ òṣùmàrè tó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ oòrùn ọ̀sán, láìsí òjò. Wọ́n ní òṣùmàrè iná ni. Ṣé a lè rí i nílé?

ÌDÁHÙN: Kò sí iná níbẹ̀, yìnyín náà ni, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí abọ́ tó sì ń já bọ̀ láìdojúdé. Oòrùn gbọ́dọ̀ ga tó dígírì 58, Lọ́ńdọ̀nù kì í sì í rí irú gíga bẹ́ẹ̀ àyàfi láàárín May sí July. Ní Ìbàdàn, oòrùn ń kọjá gíga yẹn lójoojúmọ́, títí kan December. Ní àwọn oṣù tí ọyẹ́ kò sí, láàárín agogo mọ́kànlá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, tí àwọsánmà fẹ́lẹ́ bá wà, ẹ fi òrùlé bo oòrùn, kí ẹ na apá tán, kí ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ya gbogbo ìka rẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀. Bí ó bá yọ, agbègbè ibẹ̀ ni yóò wà, pupa rẹ̀ lókè.